Ìkòkò Ọ̀gbìn: Àyẹ̀wò Oríṣi Rẹ̀, Ìlò Rẹ̀ àti Ìwúlò Rẹ̀ fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àyẹ̀wò oríṣiríṣi ìkòkò tí a fi ń gbin ewéko, ohun tí a fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, irú ewéko tí ó bá wọn mu àti ọ̀nà tí ó tọ́ láti lò wọ́n. Ó fi hàn pé ohun tí ó ya ìkòkò ọ̀gbìn sọ́tọ̀ sí ìkòkò ìdáná àti ìkòkò omi ni pé òun gbọ́dọ̀ jò. Ó tọ́ka sí i pé èrò yìí kò ṣàjèjì sí àwọn Yorùbá, nítorí pé ajere àti ìkòkò eérú àwọn aláró jẹ́ ìkòkò tí a dìídì dá ihò sí. Níkẹyìn, ó dábàá bí olùkọ́ ṣe lè lo ìkòkò ọ̀gbìn láti kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ọ̀gbìn àti ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

1.0 Ìfáárà

Ẹ̀kọ́ nípa bí irúgbìn ṣe ń hù wà lára ohun tí a kọ́kọ́ máa ń kọ́ ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ yóò ní kí àwọn ọmọ mú agolo mílíìkì tàbí ike bọ́tà wá láti ilé. Wọn yóò bu ilẹ̀ sí i, wọn yóò gbin ẹ̀wà tàbí àgbàdo sí i, wọn yóò sì máa bomi rin ín láràárọ̀. Kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí irúgbìn yóò fi yọrí, inú gbogbo kíláàsì yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n láìpẹ́, ewé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ìyeyè, gbòǹgbò rẹ̀ á rà, agolo á sì máa rùn.

Èyí tí ó dunni jù níbẹ̀ ni pé ọmọ tí kì í gbàgbé láti bomi rin tirẹ̀ ni tirẹ̀ máa ń kọ́kọ́ kú. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọwọ́ òun kò dára fún ọ̀gbìn. Olùkọ́ náà lè máa di ẹ̀bi ru irúgbìn tàbí ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ, kì í ṣe ẹ̀bi irúgbìn: agolo náà ni kò ní ihò nídìí. Ohun tí ó fa ìṣòro yìí ni pé a kì í ka ohun tí a gbin nǹkan sí kún ara ẹ̀kọ́. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi ìkòkò ọ̀gbìn sí àyè rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà.

2.0 Ìkòkò láwùjọ Yorùbá

Iṣẹ́ ìkòkò mímọ jẹ́ iṣẹ́ àwọn obìnrin ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyá ni ó sì máa ń kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Lára àwọn ìlú tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí ni Ìlọrin, pàápàá àdúgbò Dada ní Òkèlele, Ìpetumodù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Ìsàn-Èkìtì. Pé iṣẹ́ yìí ti pẹ́ hàn gbangba ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ọ̀nà àti àgbàlá tí a fi àpáàdì tẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà láti nǹkan bí ọdún 1200 sí 1400.

Orúkọ tí a ń pe ìkòkò kọ̀ọ̀kan wà fún iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Àmù ni ìkòkò ńlá tí a ń tọ́jú omi mímu sí. Orù ni a fi ń pọn omi. Ìṣaasùn ni a fi ń se ọbẹ̀. Agbada, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tí inú rẹ̀ kò sì jìn, ni a fi ń din àkàrà. Bí iṣẹ́ wọn ṣe yàtọ̀ síra tó, ohun kan pa wọ́n pọ̀: a kò fẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn jò. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà fi máa ń fi ìka kàn án lára. Bí ó bá dún kooro, ó dá ṣáṣá. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, ó ti sán níbì kan, oníbàárà á sì gbé e kalẹ̀.

2.1 Ìkòkò tí a dìídì dá ihò sí

Síbẹ̀, àwọn ìkòkò kan wà tí jíjò jẹ́ ẹwà wọn. Èkíní ni ajere. Ajere ni ìkòkò tí a dá ihò sí lára, tí a fi ń sẹ́ ohun tí a fẹ́ kí omi ró dànù lára rẹ̀. Èkejì ni ìkòkò eérú àwọn aláró. Àwọn aláró máa ń gbé ìkòkò méjì léra. Ti òkè ní ihò nídìí, eérú ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá da omi sí eérú yìí, omi náà á rọra máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀, òun ni wọ́n sì ń lò fún aró. Bí ihò ìkòkò òkè bá dí, iṣẹ́ dúró.

Ẹ̀kẹta ni àkúfọ́. Ìkòkò tí ó bá ti sán kò wúlò fún omi mọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ agboolé, a kì í sọ ọ́ nù. A máa ń bu ilẹ̀ sí i, a ó sì gbin odúndún, ẹfinrin, ata tàbí ewé mìíràn tí a kò fẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ sínú rẹ̀. Àwọn ewéko wọ̀nyí máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀, kì í ṣe nípa oríire, bí kò ṣe nítorí pé ibi tí ìkòkò náà ti sán ni omi tí ó pọ̀jù ń gbà jáde. Ohun tí ó sọ ìkòkò di aláìwúlò fún ìyàwó ilé ni ó sọ ọ́ di ohun rere fún ewéko. Orí ìmọ̀ yìí ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ nípa ìkòkò ọ̀gbìn dúró lé.

3.0 Oríṣi ìkòkò ọ̀gbìn

A lè pín ìkòkò ọ̀gbìn sí ọ̀wọ́ márùn-ún nípa wíwo ohun tí a fi ṣe wọ́n.

3.1 Ìkòkò amọ̀

Ìkòkò amọ̀ tí a sun láìfi ohun dídán kùn ún ní àwọn ojú ihò wíńníwínní tí ojú kò lè rí. Omi ń gba ibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ohun kan náà tí ó ń mú kí omi inú àmù tutù ni: omi tí ó bá ti ara ìkòkò yọ síta ń gbẹ, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń mú ooru kúrò. Nítorí náà, ilẹ̀ inú ìkòkò amọ̀ kì í gbóná jù, gbòǹgbò sì ń rí afẹ́fẹ́. Ó dára fún ewéko tí kò fẹ́ omi púpọ̀, bí etí erin, odúndún àti ọrọ́. Ó sì ń gba ẹni tí ó bá fẹ́ràn láti máa bomi rin nǹkan jù lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń fọ́, ó wúwo, ó sì ń tètè gbẹ lásìkò ọyẹ́. Bí ó bá jẹ́ tuntun, ó yẹ kí a rì í sínú omi kí a tó lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fa omi inú ilẹ̀ mu. Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìkòkò amọ̀ ni ó rí bákan náà. Ní Ìlọrin, bí ìkòkò bá ti ń jáde nínú iná, a máa ń wọ́n omi tí a ti fi èèpo èso igi irúgbá sè sí i lára. Èyí ń mú un dúdú, ó sì ń dí àwọn ojú ihò ara rẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Irú èyí dára fún ewéko tí ó fẹ́ omi, bí gbúre. Pupa tí a kò wọ́n nǹkan sí ni ó dára fún èyí tí kò fẹ́ omi.

3.2 Ìkòkò oníke

Ike fúyẹ́, kò wọ́n, kì í sì í tètè fọ́ bí ó bá bọ́ sílẹ̀. Omi kì í gba ara rẹ̀ jáde, nítorí náà ilẹ̀ inú rẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó gbẹ. Ó dára fún ẹ̀fọ́, ata, tòmátì àti ẹfinrin, pàápàá ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀ ní àsìkò òjò, bí ihò ìdí rẹ̀ bá kéré. Òòrùn sì máa ń mú kí ike gan, kí ó sì máa ṣẹ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Garawa ọ̀dà àti kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí wà nínú ọ̀wọ́ yìí, bí a bá ti fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní. Èyí tí a ti fi gbé oògùn apakòkòrò rí kò yẹ ní lílò rárá.

3.3 Ìkòkò sìmẹ́ńtì

Èyí ni ó wọ́pọ̀ ní iwájú ilé ìjọba, ilé ìjọsìn àti ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ó wúwo, afẹ́fẹ́ kò lè bì í ṣubú, nítorí náà ó dára fún igi ọ̀ṣọ́ ńlá àti igi eléso kékeré bí ọsàn wẹ́wẹ́. Oró ẹfun ara sìmẹ́ńtì tuntun lè ba ilẹ̀ jẹ́. Ó yẹ kí a pọn omi kún un, kí a dà á nù, kí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mélòó kan kí a tó gbin nǹkan sí i.

3.4 Agolo, pákó àti táyà

Agolo máa ń dípẹtà, ó sì máa ń gbóná púpọ̀ lábẹ́ òòrùn, débi pé gbòǹgbò tí ó bá kan ara rẹ̀ lè jóná. Abẹ́ ìbòòji ni ó yẹ kí a gbé e sí. Àpótí pákó dára, ṣùgbọ́n ikán àti ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí ó pẹ́. Táyà ọkọ̀ àtijọ́ kò ní ìdí, nítorí náà omi kì í dúró sínú rẹ̀ bí ó bá wà lórí ilẹ̀; ṣùgbọ́n omi máa ń dúró sí ètè rẹ̀ nínú, àfi bí a bá lu ihò síbẹ̀.

3.5 Ọ̀rá

Ọ̀rá dúdú tí a lu ihò sí ni àwọn àgbẹ̀ fi ń tọ́ ọmọ irúgbìn dàgbà. Àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ̀ ọ́n dáadáa, Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí nípa Kòkó (CRIN), tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn, sì ń lò ó. Ọmọ kòkó máa ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà nínú ọ̀rá kí a tó lọ́ ọ sí oko. Ọ̀rá kì í ṣe ibùgbé fún ewéko títí ayé. Bí ewéko bá pẹ́ jù nínú rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á máa yí po ara rẹ̀. Nígbà tí a bá sì fẹ́ lọ́ ọ, a gbọ́dọ̀ ya ọ̀rá náà kúrò.

4.0 Bí a ṣe ń lo ìkòkò ọ̀gbìn

4.1 Ihò ìdí ìkòkò

Gbòǹgbò ń mí bí ènìyàn ṣe ń mí. Àárín àwọn hóró ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ó ń mí wà. Bí omi bá gba gbogbo àárín wọ̀nyí tí kò sì rí ibi jáde, afẹ́fẹ́ á tán, gbòǹgbò á kú, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń mú nǹkan rà á sì bò ó. Ìdí nìyí tí ewéko tí ó wà nínú omi fi máa ń rọ bí èyí tí òǹgbẹ ń gbẹ: gbòǹgbò tí yóò fa omi mu ti kú. Ẹni tí kò bá mọ̀ á tún bomi sí i.

Ihò kan tí ó fẹ̀ tó ìka ọwọ́ ti tó fún ìkòkò kékeré. Ìkòkò ńlá lè ní mẹ́ta sí márùn-ún. Ìgbà tí amọ̀ ṣì tutù ni ó rọrùn jù láti dá ihò sí i, nítorí náà ó yẹ kí a bá amọ̀kòkò sọ ọ́ kí ó tó sun ún. Bí ìkòkò bá ti jinná, kí a rì í sínú omi mọ́jú, kí a sì fi ìṣó rọra máa yí i láti inú wá síta. Ìkánjú ní í fọ́ ọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó máa ń sọ pé kí a da òkúta sí ìdí ìkòkò kí omi lè máa ro. Èyí kò tọ̀nà. Bí a bá rì kànìnkànìn bọ omi tí a sì gbé e sókè, omi kì í dà lára rẹ̀ tán. Ó máa ń di omi kan mú, pàápàá ní ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ rí. Omi kì í kúrò nínú ilẹ̀ bọ́ sí àárín òkúta àfi bí ilẹ̀ náà bá kún dé ojú. Nítorí náà, òkúta wulẹ̀ ń gbé ibi tí omi dúró sí sókè sún mọ́ gbòǹgbò ni. Àpáàdì kan ṣoṣo tí a da ojú rẹ̀ bo ihò, tí kò dí i pa, ti tó láti dá ilẹ̀ dúró kí omi sì rí ọ̀nà kọjá. Àwọn àgbà ní àpáàdì ló tó ko iná lójú. Nínú ìkòkò ọ̀gbìn, òun náà ló tó ṣọ́nà fún omi.

4.2 Ìwọ̀n ìkòkò

Ìkòkò tí ó kéré jù ń há gbòǹgbò mọ́. Èyí tí ó tóbi jù fún ewéko kékeré náà kò dára, nítorí pé ilẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé ibẹ̀ á máa di omi mú lásán. Ẹfinrin àti odúndún lè ṣe dáadáa nínú ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ata fẹ́ ìkòkò tí ó ń gba nǹkan bí lítà 10. Tòmátì fẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ ìkòkò fún ewéko, kí tuntun fi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

4.3 Ilẹ̀ inú ìkòkò

Amọ̀ dára lára ìkòkò, ṣùgbọ́n kò dára nínú rẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ máa ń dì, omi kì í sì í gba inú rẹ̀ kọjá bọ̀rọ̀. Ìwọ̀n méjì ilẹ̀dú, ìwọ̀n kan yanrìn àti ìwọ̀n kan ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jinná dáadáa ni a lè pò pọ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù kò dára, ó máa ń jó gbòǹgbò. Kí a má ṣe kún ìkòkò dé ètè. Kí ààyè bí ìka méjì ṣẹ́ kù fún omi.

4.4 Omi, àwo ìdí ìkòkò àti ẹ̀fọn

Kò sí iye ọjọ́ kan pàtó tí a gbọ́dọ̀ máa bomi rin ewéko. Kí a ki ìka bọ inú ilẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, kí a bomi sí i títí yóò fi máa kán nídìí. Bí ó bá ṣì tutù, kí a fi í sílẹ̀.

Omi tí ó kán sínú àwo ìdí ìkòkò kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀fọn adíkálà tí a ń pè ní Aedes fẹ́ràn láti yé sínú irú omi bẹ́ẹ̀, ẹyin rẹ̀ sì lè di ẹ̀fọn láàárín nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Ẹ̀fọn yìí ni ó ń gbé ibà pọ́njú kiri. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ibà pọ́njú tún bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara ni a sì ti kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kí a máa da omi inú àwo nù, kí a sì fọ ara àwo náà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

5.0 Ìlò rẹ̀ ní kíláàsì

Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ lè lo ìgbésẹ̀ yìí. Kí ó wá ìkòkò mẹ́ta tí wọ́n tóbi bákan náà: ti amọ̀ tí ó ní ihò, ti ike tí ó ní ihò, àti ti ike tí kò ní ihò. Kí irú ilẹ̀ kan náà wà nínú wọn, kí a gbin ẹ̀wà mẹ́ta mẹ́ta sí wọn, kí a sì máa fi ife kan náà bomi rin wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Kí àwọn ọmọ máa kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: èwo ni ó kọ́kọ́ gbẹ? Èwo ni ewé rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n? Lópin rẹ̀, kí a tú ilẹ̀ kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí gbòǹgbò, kí wọ́n sì gbóòórùn rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti rí gbòǹgbò funfun àti gbòǹgbò tí ó ti rà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn kò tún nílò àlàyé gígùn.

Ẹ̀kọ́ èdè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó jẹ mọ́ ìkòkò pọ̀: a ń po amọ̀, a ń mọ ìkòkò, a ń fín in, a ń sá a, a ń sun ún. Tí ọ̀gbìn náà pọ̀: a ń gbìn, a ń bomi rin, a ń lọ́. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́ ata láti inú ọ̀rá sínú ìkòkò kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tí yóò fi gbàgbé èyí tí a kọ sójú pátákó fún un. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá sì wà nítòsí ibi tí a ti ń mọ ìkòkò, kí a kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti gbọ́ orúkọ àmù, orù àti ìṣaasùn lẹ́nu ẹni tí ó ń mọ wọ́n.

6.0 Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a máa lò

Ìkòkò òdòdó ni orúkọ tí ó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò burú, ṣùgbọ́n kò kárí, nítorí pé ata, ẹ̀fọ́ àti ewé oògùn tí a ń gbìn sínú rẹ̀ kì í ṣe òdòdó. Ìkòkò ọ̀gbìn ni àpilẹ̀kọ yìí fara mọ́, nítorí pé ó tẹ̀ lé ìlànà tí a fi ń pe àwọn ìkòkò yòókù: iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. A lè pe ihò ìdí rẹ̀ ní ojú ìjò, kí ọmọ lè rántí iṣẹ́ rẹ̀ láti inú orúkọ rẹ̀. Ajere kò nílò orúkọ tuntun. Ohun tí ó nílò ni kí olùkọ́ tún máa pè é.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé amọ̀, ike, sìmẹ́ńtì, agolo àti ọ̀rá ni ìwà tiwọn, àti pé ewéko ni ó yẹ kí ó pinnu èyí tí a óò lò. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé ojú ìjò ni àkọ́kọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ wò. Irin àti ike ti gba iṣẹ́ ìdáná àti iṣẹ́ omi lọ́wọ́ ìkòkò amọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ewéko, ìkòkò amọ̀ kò tíì ní ẹlẹ́gbẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ra ìkòkò mẹ́wàá lọ́wọ́ amọ̀kòkò àdúgbò rẹ̀ ti ran ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn, iṣẹ́ ọwọ́ àti èdè lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn àgbà ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìkòkò tí yóò gbé ata tí ó ń hù pẹ̀lú, ìdí rẹ̀ náà ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ wò, kí ọmọ tí kò gbàgbé láti bomi rin ohun tí ó gbìn lè rí èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.